Ohun Tó Kù Kó Pé Ogún

Ajé, 2 oṣù kẹfà

Wọ́n gbé e dé lónìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, láti abẹ́ orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, símẹ́ńtì funfun ni wọ́n fi dì í bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Orí àga ni Oníbéèrè, ọmọ ọmọ mi, ti fò sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ ìnura lè gbé èèyàn dúró nínú afẹ́fẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá rẹ̀ sunkún láti ilé ìwòsàn dé ibí. Òun fúnra rẹ̀ ń bi dókítà bóyá egungun máa ń ké bó bá ń so pọ̀.

Ẹ̀rọ agbéniròkè ṣì wà bó ṣe wà. Ó ti kú láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Páìpù, púlọ́ḿbà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa, ló pọn ọmọ náà gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń mí bí ẹṣin. Mo ní kó jókòó kó mu omi. Ó ní bí òun bá jókòó, a ó wá ẹni tí yóò pọn òun náà.

Orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀. Adìẹ méjì lábẹ́ àgò kan.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹfà

Tíṣà Oníbéèrè fi ìwé ránṣẹ́. Ohùn Oyin ni mo ń pè é, nítorí bó bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, àfi bíi pé ó ń bẹ èèyàn kó mu oògùn. Ó kọ ohun tí a ó máa ṣe nílé: kíka nǹkan dé ogún, onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin, ohun tó ń léfòó àti ohun tó ń rì, gbígbin irúgbìn. Ní oṣù keje wọn ó dán gbogbo wọn wò. Ẹni tó bá yege á gòkè sí kíláàsì kìn-ín-ní. Ẹni tí kò bá yege á dúró ti àwọn tó ń sùn lọ́sàn-án.

Ọmọ mi ní, "Màmá, bó bá le jù, ẹ fi sílẹ̀. Mà á ṣe é bí mo bá dé."

Bó bá dé. Ìdájí ló ń jáde lọ sí ilé búrẹ́dì, ọ̀sán ló ń dé, tòun ti ìyẹ̀fun ní ìpéǹpéjú. Mo ní ó le fún ta ni? Mo kàwé dé kíláàsì kejì kí wọ́n tó mú mi kúrò. Ení, èjì tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ ọ. Ó bọ́ bàtà, ó sùn síbi tó jókòó sí.

Ẹtì, 6 oṣù kẹfà

Ìdérí ìgò la fi ń ka nǹkan. Ó ka mẹ́wàá geere. Ó dé mẹ́rìnlá, ó dúró, ó gbójú sókè, ó ní, "Mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlá kejì, ogún."

Mo ní kò sí mẹ́rìnlá kejì. Ó ní kí ló dé tí kò sí. Mo ní kò sí náà ni. Ó ní ta ló kó o lọ. A bá a lọ títí mo fi ní kó panu mọ́. Ó panu mọ́ lóòótọ́, ó wá ń fi ojú bi mí.

Àwòrán inú ìwé Tíṣà kéré jù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò rí i.

Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Òjò. Aṣọ ò gbẹ. Oníbéèrè ní kí ló dé tí omi ojú ọ̀run kì í tán. Mo ní kó bi òjò.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹfà

Ohun tó ń léfòó àti ohun tó ń rì. Mo gbé abọ́ ìfọṣọ kalẹ̀, a bu omi sí i. Bàtà mi léfòó. Ṣíbí rì. Àlùbọ́sà léfòó, ọ̀dùnkún rì. Ó fẹ́ ju eyín àtọwọ́dá mi sí i, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọsàn léfòó. Ìwé wá ní ká bó o, ká tún un jù sómi, ṣùgbọ́n kí oníkálukú kọ́kọ́ sọ ohun tó rò. Oníbéèrè ní yóò rì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, ṣé ó máa ń wúwo ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ ni? Ẹni tó ti pẹ́ láyé ló ń bá ọ sọ̀rọ̀: yóò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bó o. Mo jù ú sómi. Ó lọ sísàlẹ̀ bí òkúta.

Mo ní ọsàn yẹn ni kò dáa. Mo bó òmíràn. Òun náà rì. A bó gbogbo ọsàn inú ilé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó bá àwọn ọsàn oníhòòhò tó sùn sísàlẹ̀ abọ́, ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gba yàrá lọ. Ọsàn sì wọ́n lásìkò yìí. Mo jẹ ẹ́ títí inú fi ń run mí.

Oníbéèrè ní aṣọ ọsàn ló ń gbé ọsàn, pé afẹ́fẹ́ há sínú aṣọ náà, òun rí ihò rẹ̀. Ó ní òun wò ó dáadáa. Èmi ò wò ó ní tèmi. Mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó wò.

Ajé, 16 oṣù kẹfà

Mo ti rí ojútùú rẹ̀.

Ẹyin tún ti gbówó lórí, àmọ́ ọ̀fẹ́ ni páálí rẹ̀. Bàbá Páìpù gbé méjì wá fún wa. Mo fi àlùmọ́gàjí gé ọ̀kan títí ó fi ku ogún ihò. Mo wá kọ́ ọ lọ́nà tí àwọn ìyá wa fi ń kà á. Mo ní, bó o bá ti kọjá mẹ́rìnlá, má wo èyí tó wà mọ́. Wo èyí tí kò sí. Ogún ni wọ́n, wọ́n ń lọ sílé. Ta ni kò tíì dé? Bí ihò márùn-ún bá ṣófo, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó to ìdérí ìgò sínú ihò, ó fi ìka tọ́ àwọn tó ṣófo.

"Méjì ò tíì délé. Méjìdínlógún ni."

Mo jó lórí àga. Bí ìyá rẹ̀ ṣe wọlé ni mo sọ fún un pé kó sọ fún Ohùn Oyin pé iṣẹ́ ti parí, kó wá òmíràn fún wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ojú rẹ̀ ti pa dé kó tó sọ ọ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹfà

A gbin ẹ̀wà sínú òwú tútù nínú ife, a gbé e sójú fèrèsé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Oníbéèrè ti hú u jáde láti wò ó bóyá ó ti hù. Mo ní ta ló ń dàgbà bí wọ́n bá ń jí i lójú oorun báyìí?

Fèrèsé yẹn ni gbogbo òde tí mo ní. Mo ń rí òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo ń rí wáyà, mo ń rí àtàrí àwọn tó ń kọjá. Láti ìgbà tí òjò ti dé, orí èèyàn nìkan ni mo ń rí. Mi ò rí ojú.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ pè. Bàbá rẹ̀ wà lórí òkun nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ló ń ṣe bàbá dípò rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ní ìlú mìíràn. Agogo ni mo ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó bá ti lanu, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ tò. Ó ní ọmọ tó jókòó ti àgbà lásán lásìkò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níwájú ìwé, ẹ̀yìn ni yóò máa wà.

Lásán.

Nígbà tí ọmọ mi gbé fóònù sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó tì mí láìsùn.

"Màmá, ẹ má bínú. Bí ọmọ yìí kò bá yege, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò lọ máa gbé títí ọdún yóò fi yí po. Mo ti gbà fún wọn."

Mo ní ó dáa. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀. Mo lọ fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹtì, 27 oṣù kẹfà

Ohùn Oyin pè wá lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, kó fi mọ ibi tí a dé. Mo wọ ẹ̀wù tó dáa, mo fi ìpara pa ojú. Ó ní kí n da ìdérí mẹ́rìndínlógún sórí tábìlì lásán, kí n má sọ iye rẹ̀.

Oníbéèrè kà á dé mẹ́rìnlá. Ó dúró. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ilé wọn dà?"

Tíṣà ní ilé ta ni? Ó ní ilé àwọn tó ń bọ̀. Tíṣà ní kó ṣáà ka èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà wo tábìlì yípo. Kò sí ihò kankan tó ṣófo.

"Gbogbo wọn ti délé. Ogún ni."

Mo fi mẹ́tàdínlógún síbẹ̀: ogún ni. Mo fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síbẹ̀: ogún náà ni. Ohun gbogbo tó bá ti kọjá mẹ́rìnlá, ó ti pé ogún lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó rò pé òun ń gbà á.

Tíṣà rọra béèrè pé, Ìyá àgbà, ta ló kọ́ ọ báyìí? Mo ní èmi ni. Ó ní kò burú o, ó gbọ́n, àmọ́. Mo pa fóònù kó tó dé òdìkejì "àmọ́" rẹ̀. Ọmọ náà ní Tíṣà dà? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọmọdé lè láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Àkísà yẹn ni mo fi wọ̀ ọ́ yìí. Agogo kọ́ ló fẹ́ mú un lọ mọ́. Èmi ni mò ń di ẹrù rẹ̀ fún un.

Àìkú, 29 oṣù kẹfà

Ọmọ mi wà nílé, ó ń di irun fún ọmọ rẹ̀. Mo mú ọ̀pá mi, mo ní mo fẹ́ gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì mi wà lábẹ́ apá mi. Ilé tèmi wà lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀wé sí ọ̀dọ̀ ara wọn.

Mo dé ibi tí àtẹ̀gùn ti ṣẹ́ kọ́nà sí àjà kẹta. Ibẹ̀ ni orúnkún mi ti há. Kò sọ̀, kò gòkè. Mo jókòó sórí símẹ́ńtì tútù, mo ń gbọ́ tí omi ń kán nínú ògiri.

Bàbá Páìpù ń bọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó dúró lé mi lórí.

"Ìyá, ẹ ń sọ̀ ni àbí ẹ ń gòkè?"

"Mò ń sinmi."

"Pẹ̀lú ẹrù?"

Ó jókòó tì mí, ó bu búrẹ́dì fún mi, a ń jẹ ẹ́. Ó wá béèrè ẹni tó ṣẹ̀ mí. Mo ní kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ohun tí mo kọ́ ọmọ ló wọ́. Ó ní ní gbogbo iṣẹ́ tí òun ṣe láyé, òun ò rí páìpù tó dí tí wọ́n fi ìrìn àjò tú rí. Ibi tó ti dí gan-an lèèyàn ń ki ọwọ́ bọ̀. Ó sì máa ń rùn, ó ní.

Ó wá tì mí gòkè láti ẹ̀yìn bí ẹni ń ti mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ kú. Ọmọ mi ṣílẹ̀kùn, ó rí báàgì. Ó gbà á, ó gbé e sí ibi tó máa ń wà.

Ajé, 30 oṣù kẹfà

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí rọrùn láti pa fún ẹlòmíràn.

Mo pe Ohùn Oyin fúnra mi. Mo ní, "Tíṣà, èmi ni mo pa fóònù. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ó ní òun mọ̀.

Mo ní, "Ẹ kọ́ mi, kí n lè kọ́ ọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá tún pa fóònù. Ó ní kí n má ju páálí náà nù. Ó dáa, ìgbà rẹ̀ ni kò tíì tó. Kí ọmọ kọ́kọ́ kó ìdérí sí apá kan tábìlì, kó máa fa ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá kejì, kó fọwọ́ kan án lẹ́ẹ̀kan, kó dárúkọ kan. Kó kà á tán pátápátá kó tó tò ó sínú ihò, kó wá rí i pé ọ̀kan náà ni.

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ èyí tó wà, Ìyá àgbà. Èyí tí kò sí ò ní sá lọ."

Mo ní fún ẹni tó tó mi lọ́jọ́ orí, èyí tí kò sí ló pọ̀ jù, òun lèèyàn ń kà láàárọ̀. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Mo tún sọ fún un pé mi ò rí àwòrán inú ìwé rẹ̀. Ó ní òun á ya á tóbi.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Oníbéèrè ò gbà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n má wo èyí tó wà mọ́."

Mo ní mo ṣì í sọ.

Ó ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe wo ọsàn, ó wá fa ìdérí àkọ́kọ́.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù keje

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń fò. Lẹ́yìn mẹ́rìnlá, mẹ́rìndínlógún ló kàn lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni fo kòtò. Mo ní kó máa pàtẹ́wọ́ bó bá dé ibẹ̀. Ní báyìí ó ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wà náà hù. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sórí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù keje

Kò fẹ́ kà. Mi ò fẹ́ kọ́. A jọ wo òjò.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù keje

Òní ni. Ọmọ mi gba àyè níbi iṣẹ́. Bàbá Páìpù pọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ tòun ti símẹ́ńtì ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ló lọ. Èmi dúró lókè.

Mo gbálẹ̀. Mo tún un gbá. Mo gbé àga síwájú fèrèsé, gbogbo orí tó bá kọjá ni mò ń wò. Mo rò ó pé bó bá lọ sọ́dọ̀ Agogo, yóò kọ́ ìwà, yóò kọ́ ìwé, yóò máa jókòó gún régé, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó gbé mẹ́rìnlá kejì lọ. Èmi á wá máa gbé nínú yàrá yìí pẹ̀lú abọ́ ìfọṣọ. Mo gbàdúrà, mo gbàgbé ibi tí mo dé, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó ń bi Bàbá Páìpù bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gbó kí ẹ̀rọ agbéniròkè tó sàn. Ọmọ mi ló ṣíwájú wọlé. Kò bọ́ bàtà.

"Ó yege, Màmá. Kò lọ síbì kankan."

Mo ní mo mọ̀. Mo jókòó nítorí ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n ní wọ́n da méjìdínlógún sílẹ̀ fún un, ó fa á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pàtẹ́wọ́ níbi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì dárúkọ rẹ̀. Wọ́n bó ọsàn, ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Inú ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wọn dùn, ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ nílé. Ojú gbogbo èèyàn ló ti dáhùn: "Ìyá àgbà mi ni. Wọn ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ ọ."

Bàbá Páìpù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo ní kó máa lọ sílé rẹ̀.

Kì í ṣe irọ́ ni ọmọ náà pa. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù keje

Wọ́n ti gé símẹ́ńtì kúrò. Ẹsẹ̀ náà tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ó ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń padà. Ilé yìí ti kéré jù fún un. Láti Ajé, yóò máa lọ láàárọ̀, yóò máa dé nírọ̀lẹ́, títí sáà yóò fi parí.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Òun ni mo jà fún.

Ajé, 21 oṣù keje

Òjò dá. Ẹ̀rọ agbéniròkè ò tíì sàn.

Ó ti wọ bàtà kí ìyá rẹ̀ tó jí i. Ó wá bá mi lórí ibùsùn, ó kó ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́. Mo bi í pé ta ni yóò wá máa kọ́ mi báyìí. Ó ronú sí i dáadáa. Ó ní iṣẹ́ ilé wà fún mi: kí n máa fa ìlà síbi tí oòrùn bá dé lórí ilẹ̀ yàrá, kí n tún fà á bó bá kúrò níbẹ̀, òun á wò ó bí òun bá dé.

"Ìyá àgbà, ẹ má sọ ibi tó ń lọ kó tó lọ o. Ẹ wò ó."

Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àjà kan, àjà kejì, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mi ò lè tẹ orúnkún yìí. Mo so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìdí ọ̀pá mi. Oòrùn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ibùsùn. Mo fa ìlà kan síbẹ̀, mo jókòó.

Ilé dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ mímí ara mi.

Oòrùn ti kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́. Mo mọ ibi tó ń lọ, ó ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo dìde, mo fa èkejì.